ÌMỌ́LẸ̀ TÓ RỌ̀, ÌNÁWÓ TÓ KÉRÉ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ lórí fọ́tò yíyà ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

 

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò yíyà. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa wí lọ́kàn rẹ̀ pé kí ni ti fọ́tò nínú ìpàdé tó yẹ kí a ti máa jíròrò owó oṣù àti owó ofatáìmù. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ, ìdí mẹ́ta sì ni a ní.

Èkíní ni fọ́tò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń fẹ̀yìn tì. Gbogbo wa la ti rí èyí tí a tò sára ògiri ọ́fíìsì ẹ̀ka. Àwọn tó fi ọgbọ̀n ọdún dúró ti ẹ̀rọ, àti àwọn tó fi ọgbọ̀n ọdún jókòó sídìí ọkọ̀, ni wọ́n wà níbẹ̀ tí iwájú orí wọn ń kọ mànà bí awo irin, tí ihò ojú wọn sì ṣókùnkùn. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè tibẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ọ́fíìsì kan tilẹ̀ dá fọ́tò díẹ̀ nínú wọn padà nígbà tí wọ́n ń ṣètò ìwé ìfẹ̀yìntì, wọ́n ní ojú kò hàn dáadáa. Owó ọkọ̀ àti ọjọ́ tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi lọ tí wọ́n fi bọ̀, kò sí ẹni tó san án padà fún wọn.

Èkejì ni ìpalára lẹ́nu iṣẹ́. Òfin owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó farapa, èyí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2010, ní kí òṣìṣẹ́ fi ìpalára rẹ̀ tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ọgbẹ́ a máa jinná, ibi tó wú a máa lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò tó dára yóò dúró láti jẹ́rìí. Fọ́tò tí fíláàṣì ti sun di funfun kò lè jẹ́rìí kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn kan nínú wa ń ya fọ́tò ní òpin ọ̀sẹ̀ láti fi kún owó oṣù. Wọ́n ń yà níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Àwọn oníbàárà ń lọ bá ẹni tó ní ohun èlò olówó ńlá, àwọn tiwa sì rò pé owó ni wọ́n fi jù wọ́n lọ.

Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju gbólóhùn kan lọ. Ìmọ́lẹ̀ kì í rọ̀ nítorí pé ohun tó ń tàn án wọ́n lówó. Ó ń rọ̀ nítorí pé ibi tó ti ń wá fẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí, tó sì ní aṣọ funfun kan, ti ní púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀.

KÍ LÓ Ń BA FỌ́TÒ FÍLÁÀṢÌ JẸ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo oòrùn. Ní ọ̀sán gangan, òjìji wa nílẹ̀ máa ń mú bí ẹni pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú tí òjò kò sì rọ̀, òjìji fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Oòrùn kan náà ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú kan péré lójú ọ̀run ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ní ọjọ́ kejì, ìkùukùu gba ìmọ́lẹ̀ náà, ó tẹ́ ẹ káàkiri, gbogbo ojú ọ̀run sì di fìtílà kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ibi púpọ̀ wá máa ń dé abẹ́ imú, abẹ́ àgbọ̀n àti inú ihò ojú, ìdí nìyẹn tí òjìji fi ń dẹ̀.

Fíláàṣì orí kámẹ́rà dà bí oòrùn ọ̀sán gangan. Ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Yàtọ̀ sí pé ó kéré, ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì gan-an ló jókòó sí. Nítorí náà ó ń lu ojú ní tààrà, ó ń pa òjìji wẹ́wẹ́ tó ń fi ìrísí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn, ó sì ń ju òjìji dúdú ńlá kan sára ògiri lẹ́yìn ẹni tí à ń yà. Ó tún ń wọ inú ẹyinjú, ó ń ta padà sínú lẹ́ǹsì, ojú a sì pọ́n bí ẹyin iná.

Ọ̀pọ̀ onífọ́tò máa ń fi áńkáṣíìfù funfun di orí fíláàṣì, wọ́n rò pé ìmọ́lẹ̀ ti rọ̀. Bí áńkáṣíìfù náà bá lẹ̀ mọ́ orí fíláàṣì, agbára ìmọ́lẹ̀ nìkan ló dín kù. Ibi tó ti ń wá kò fẹ̀ sí i, òjìji náà yóò sì mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú yàrá kékeré tí ògiri rẹ̀ funfun, ó lè ṣèrànwọ́ díẹ̀ nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká yóò lu ògiri padà. Ní gbangba ìta lálẹ́, kò wúlò, ó kàn ń jẹ bátìrì ni.

Nǹkan méjì ni kí a máa rántí. Àkọ́kọ́, kí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá fẹ̀. Èkejì, kí ó súnmọ́ ẹni tí à ń yà. Aṣọ funfun tó fẹ̀ tó mítà kan, bí ó bá wà ní mítà kan sí ojú ènìyàn, fìtílà ńlá ni. Bí a bá gbé e lọ sí mítà mẹ́wàá, ó ti di fìtílà kékeré, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì tún le. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ èyí dáadáa: bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá ṣì jìnnà, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì máa ń dà bí ojú kan ṣoṣo.

ỌNÀ MÁRÙN-ÚN TÍ KÒ NÁNI LÓWÓ

1. Àjà ilé. Bí orí fíláàṣì bá ṣeé yí, ẹ yí i kọjú sí àjà funfun, kí ó má kọjú sí ènìyàn. Àjà yóò gba ìmọ́lẹ̀ náà, yóò sì dà á bo orí gbogbo ènìyàn bí ojú ọ̀run tó ṣú. Kí àjà náà jẹ́ funfun o. Àjà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé yóò sọ ojú ènìyàn di àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n fi pákó pupa ṣe yóò sì sọ ọ́ di pupa. Ewu kan wà níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ti òkè wá nìkan máa ń fi ihò ojú sílẹ̀ ní dúdú. Oògùn rẹ̀ ni páálí funfun kékeré kan, tó tó ìwé póòsìkáàdì. Ẹ fi rọ́bà so ó mọ́ ẹ̀yìn orí fíláàṣì, kí ó yọ sókè. Díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yóò tara rẹ̀ lọ síwájú, yóò kún ihò ojú, yóò sì fi ìràwọ̀ kékeré sínú ẹyinjú. Ìràwọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ènìyàn dà bí alààyè nínú fọ́tò.

2. Ògiri tàbí aṣọ funfun. Níbi tí àjà bá ga jù, bí irú èyí tó wà ní gbọ̀ngàn iṣẹ́ wa, tàbí tó jẹ́ páànù lásán, ẹ yí fíláàṣì sí ògiri funfun ní ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí ògiri funfun, kí ènìyàn méjì di aṣọ àtẹ́sùn funfun mú, kí fíláàṣì kọjú sí i. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí dára ju ti òkè lọ fún ojú, nítorí pé ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan hàn, ó sì ń jẹ́ kí èkejì ṣú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé ṣe ń tànmọ́lẹ̀ sí wa nínú ilé.

3. Ọ̀rá tàbí agbòjò funfun. Ọ̀rá funfun tí kò mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọjà ní ilé iṣẹ́, wúlò púpọ̀. Ẹ fi igi wẹ́wẹ́ ṣe férémù tó tó mítà kan níbùú àti lóòró, kí ẹ fi sẹlótéèpù lẹ ọ̀rá náà mọ́ ọn. Ẹ gbé e sí àárín fíláàṣì àti ẹni tí ẹ ń yà. Kí fíláàṣì jìnnà sí ọ̀rá náà díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè kún gbogbo rẹ̀. Bí fíláàṣì bá fẹnu ko ọ̀rá, àárín rẹ̀ nìkan ni yóò tàn, a ó sì tún padà sí ọ̀ràn áńkáṣíìfù. Agbòjò funfun ń ṣe iṣẹ́ kan náà, òun sì rọrùn láti gbé wọ ọkọ̀.

4. Ohun tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Fóòmù funfun líle tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn àti fíríìjì nínú páálí, ibi àkìtàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà á sí. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà ní ọwọ́ òsì, kí ènìyàn kan di fóòmù náà mú ní ọwọ́ ọ̀tún, nítòsí ojú, kí ó má sáà yọ sínú fọ́tò. Yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji. Bí kò bá sí fóòmù, ẹ lẹ ìwé funfun mọ́ páálí.

5. Fóònù. Iná kékeré ẹ̀yìn fóònù kò ṣeé yí, ó sì kéré ju ti fíláàṣì lọ. Ẹ pa á. Ẹ gbé ẹni tí ẹ ń yà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò wọ̀ ní tààrà, kí ẹ sì fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bo fèrèsé náà bí oòrùn bá ń wọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹlòmíràn tan iná fóònù tirẹ̀ tàbí láńtánì oníbátìrì sí ògiri funfun, kì í ṣe sí ojú ènìyàn. Kí ẹni tí à ń yà dúró jẹ́ẹ́, kí a sì fi fóònù ti tábìlì tàbí ìjókòó, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yóò kéré.

ÌṢIRÒ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Kò sí iṣẹ́ tí kò ní ìdiwọ̀n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ lórí ohun tó bà lé yóò di ìdá mẹ́rin péré. Bí ó bá jìnnà ní ìlọ́po mẹ́ta, yóò di ìdá mẹ́sàn-án.

Nínú ìwé ìlò fíláàṣì, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní guide number. Ká ní tiwa jẹ́ 36 ní mítà, ní ISO 100. Bí a bá kọjú fíláàṣì sí ẹni tó wà ní mítà 3 ní tààrà, 36 tí a pín sí ọ̀nà 3 jẹ́ 12, nítorí náà a ó fi ojú lẹ́ǹsì sí f/11. Bí a bá yí i sí àjà, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rìn ni a ó kà: láti fíláàṣì dé àjà, àti láti àjà dé ojú ènìyàn. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 4 àti ààbọ̀. 36 tí a pín sí ọ̀nà 4.5 jẹ́ 8. Ṣùgbọ́n àjà kò dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ padà, ó sì fọ́n an ká. Nítorí náà a ó ṣí ojú lẹ́ǹsì ní ìgbésẹ̀ méjì sí i, láti f/8 dé f/4. Bí a bá fẹ́ dúró sí f/8, kí a gbé ISO láti 100 lọ sí 400. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí o. Ẹni tó ń lo kámẹ́rà dígítà yóò ya ọ̀kan wò, yóò sì tún un ṣe. Ẹni tó ń lo fíìmù, kí ó máa kọ ohun tó ṣe sínú ìwé, kí ó lè mọ èyí tó dára nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

ÀWỌ̀ DÚDÚ WA KÌ Í ṢE ÀLÈÉBÙ

Àwọn onífọ́tò kan máa ń sọ fún oníbàárà pé àwọ̀ rẹ̀ ló dúdú jù tí fọ́tò kò fi dára. Ẹ má gbà á. Àwọ̀ dúdú ń dán, ohun tó bá ń dán sì ń fi àwòrán fìtílà hàn lára rẹ̀. Bí fìtílà bá kéré, ẹ ó rí àmì funfun kékeré tó le níwájú orí àti lórí imú. Bí fìtílà bá fẹ̀, dídán náà yóò tẹ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì fi ìrísí egungun ojú hàn dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ni àwọ̀ wa ń fẹ́. Kí a sì fi áńkáṣíìfù nu òógùn kí a tó yà. Iṣẹ́ tí ó tọ́ sí áńkáṣíìfù gan-an nìyẹn.

Kámẹ́rà pẹ̀lú ní àṣìṣe tirẹ̀. Ó máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní ìwọ̀n àárín. Bí ẹni dúdú bá wọ agbádá funfun, tó tún dúró níwájú ògiri funfun, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú a sì ṣókùnkùn. Níbi bẹ́ẹ̀, kí a fi kún ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ènìyàn náà, kí ó lè fi ojú ṣe ìdiwọ̀n, kì í ṣe agbádá.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tó kan àwa òṣìṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé-iṣẹ́ Kodak fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù láti fi díwọ̀n àwọ̀. Káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é. Ojú àwọn aláwọ̀ dúdú kò sí nínú ìdiwọ̀n náà. Ní ọdún 1970, òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ilé-iṣẹ́ Polaroid ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, Caroline Hunter àti Ken Williams, rí i pé ẹ̀rọ fọ́tò ilé-iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń lò ní South Africa fún ìwé tí ìjọba ibẹ̀ fi ń de àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́sẹ̀. Wọ́n kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ, wọ́n sì pe àwọn ènìyàn láti má ra ọjà ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n lé Hunter kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ní ọdún 1977, Polaroid fi South Africa sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọn fún fọ́tò ìdánimọ̀, ID-2, ní bọ́tìnnì kan tó ń fi kún agbára fíláàṣì. Fíláàṣì tó ní agbára sí i kì í ṣe fíláàṣì tó rọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ojú ènìyàn yóò fẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ẹ tún wo Seydou Keïta, ará Bamako ní ilẹ̀ Mali, tó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní ọdún 1948. Nínú àgbàlá, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ni ó ti ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó wá bá a. Aṣọ ibùsùn tirẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe aṣọ ẹ̀yìn. Ó kú ní ọdún 2001, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ti ṣe àfihàn fọ́tò rẹ̀.

MÍMÚ ETÍ FỌ́TÒ ṢÚ

A ti ń bọ̀ sí èyí tí àwọn ọ̀dọ́ inú wa ń béèrè jù, ohun tí àwọn onífọ́tò ń pè ní vignette. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí etí fọ́tò máa ṣú díẹ̀díẹ̀, kí àárín rẹ̀ tó jẹ́ ojú ènìyàn mọ́lẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó má baà máa wo kọ́tìnì àti ìjókòó. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa àfi àyè. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń yà fẹ̀yìn ti ògiri. Kí ó kúrò lára ògiri ní mítà 2, kí ìmọ́lẹ̀ yín sì wà ní mítà 1 sí ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà yóò rin mítà 3 kó tó dé ògiri, nítorí náà ìdá mẹ́sàn-án péré ni yóò kan ògiri. Ojú yóò mọ́, ẹ̀yìn yóò ṣú, òjìji orí ara ògiri yóò sì pòórá. Ìṣirò tí a ti ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ló tún ṣiṣẹ́ níbí.

Ọ̀nà kejì ni páálí dúdú. Ẹ gé ihò rìbìtì tàbí bí ẹyin sí àárín rẹ̀, kí ẹ gé etí ihò náà wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, kí òkùnkùn má baà bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ẹ gbé e síwájú lẹ́ǹsì, ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Fún lẹ́ǹsì 50 mílímítà orí kámẹ́rà fíìmù 35 mílímítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ wò ó láti inú kámẹ́rà, kí ẹ sì máa fi sísọ́ọ̀sì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbayawu, bíi f/2.8 tàbí f/4. Bí ẹ bá pa á dé f/16, etí ihò náà yóò mú, yóò sì dà bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Bí aṣọ ẹ̀yìn bá funfun, tí ẹ sì fẹ́ kí etí fọ́tò rọra di funfun, páálí funfun ni kí ẹ lò, kí ìmọ́lẹ̀ sì bà lé ojú rẹ̀ tó kọjú sí lẹ́ǹsì.

Ọ̀nà kẹta ni ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ dúdú ti àwọn obìnrin. Ẹ nà án bo ẹnu lẹ́ǹsì, ẹ gé ihò sí àárín, kí ẹ fi rọ́bà so ó. Etí yóò rọ̀, yóò sì ṣú díẹ̀. Àwọn kan ń lo fasilíìnì. Kò burú, ṣùgbọ́n ara gíláàsì mímọ́ kan tó wà níwájú lẹ́ǹsì ni kí ẹ ti fi ìka kan án yí etí ká, kí àárín rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe fi fasilíìnì kan lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ láé.

Páálí kò bá fóònù mu. Ojú lẹ́ǹsì fóònù kéré púpọ̀, nítorí náà etí ihò yóò máa mú, kò ní rọ̀. Ẹni tó ń lo fóònù, kí ó lo ọ̀nà àkọ́kọ́, tàbí kí ó mú etí ṣú lẹ́yìn tó bá ti yà á tán, níbi tí wọ́n ti ń tún fọ́tò ṣe nínú fóònù. Kí ó ṣe é níwọ̀nba. Bí ẹni tó ń wo fọ́tò bá kọ́kọ́ rí òkùnkùn kí ó tó rí ènìyàn, ó ti pọ̀ jù.

IBI TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ TI ṢE É

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Fọ́tò fún ìwé ìrìnnà, káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìfẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ ní etí dúdú. Ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ nìkan ni kí a lò, kí ó ba ojú méjèèjì dọ́gba, kí ògiri ẹ̀yìn sì mọ́ láìní òjìji.

Fọ́tò ìpalára tún le ju ìyẹn lọ. A kò gbọdọ̀ mú etí rẹ̀ ṣú, a kò gbọdọ̀ gé e, a kò sì gbọdọ̀ fi fóònù tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi nǹkan pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tó farapa. Lẹ́yìn náà, bí ó bá gbà, ẹ ya ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn tó fi òun àti ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀ hàn, ọ̀kan láti àárín, àti ọ̀kan nítòsí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́ náà. Kí ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń fi ibi tó wú hàn, èyí tó bá ti iwájú wá ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ó tẹ́jú. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ fi èyí tí ẹ yà gan-an pamọ́ bó ṣe rí, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka.

Ẹ ṢỌ́RA

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná mọ̀ pé kò mọ ọ̀gá. Ẹ má ṣe tú fíláàṣì láti tún un ṣe nílé. Iná tó tó 300 volt lè wà nínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì. Fíláàṣì àtijọ́ tí a rà ní àlòkù, iná ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ju 200 volt lọ, ó sì lè ba kámẹ́rà dígítà jẹ́. Kí onírédíò tó mọ iṣẹ́ fi mítà wọ̀n ọ́n, kí a sì wo ìwé kámẹ́rà kí a tó so wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rá tàbí aṣọ kan gílóòbù tó ń gbóná. Ẹ má sì tan fíláàṣì nítòsí sí ojú awakọ̀ tó fẹ́ wa ọkọ̀ lálẹ́.

ÀBÁ WA

Ẹ̀yin ará, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àbá mẹ́ta ni a gbé síwájú ìpàdé yìí. Kí ẹ̀ka ní àpótí kan ní ọ́fíìsì, tí aṣọ àtẹ́sùn funfun kan, agbòjò funfun kan, férémù ọlọ́rá kan, fóòmù méjì àti rúlà kan yóò wà nínú rẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá nílò rẹ̀ buwọ́ lùwé, kí ó sì dá a padà. Kí àwọn tó mọ fọ́tò yà nínú wa fi ọ̀sán Sátidé kan lóṣù kọ́ àwọn tó kù. Kí a sì pe gbogbo àwọn àgbà tí fọ́tò wọn wà lára ògiri, kí a tún wọn yà kí ìpàdé ọdọọdún tó dé, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àgbà wọ̀nyí ló bá wa jà fún àwọn ohun tí à ń jẹ lónìí. Ó yẹ kí ọmọ ọmọ wọn wọ ọ́fíìsì ẹ̀ka, kí ó wo ògiri, kí ó sì lè sọ pé bàbá àgbà mi nìyí, ìyá àgbà mi nìyí.

 Kí ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ wa má ṣe yẹ̀.